Yàrá Mẹ́rìnlá Lábẹ́ Omi

Ẹ bá mi kí Alága wa. Ẹ kí i dáadáa o, torí bí ẹ ò bá kí i, á kí ara ẹ̀, á sì dá ara ẹ̀ lóhùn. Alága Ẹgbẹ́ Ọmọ Abẹ́ Omi. Ẹja Ńlá Inú Ibú. A-rógun-má-sàá bí ogun bá ti lọ tán. Dígí ilé ẹ̀ nìkan ló mọ ohun tójú ẹ̀ ń rí láàárọ̀ kí ọkùnrin náà tó jáde nílé.

Èmi ni akọ̀wé ẹ̀. Ẹ kí èmi náà, àmọ́ ẹ má pẹ́ nídìí ẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an ni kíkọ pátákó. Gbogbo ògiri tí ẹ bá ti rí "Má tọ̀ síbí" lágbègbè wa, ọwọ́ mi ni. Wọ́n ṣì ń tọ̀ síbẹ̀, àmọ́ wọ́n máa ń yin lẹ́tà mi bí wọ́n ṣe ń tọ̀.

Kí ẹ tó lè mọ bí Alága ṣe tóbi tó, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ omi wa. Odò kan ló ń ti orí òkè bọ̀, tó ń gba àárín òkè méjì kọjá. Níbi tí òkè méjèèjì ti fẹ́ fẹnu kora, ibẹ̀ há bí ọrùn akèrègbè. Àwọn ará ìlú ńlá tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ń fẹ́ omi ẹ̀rọ, ìjọba wá wo ọrùn akèrègbè yìí, wọ́n ní ibẹ̀ gan-an làwọn máa dí. Wọ́n mọ dáàmù síbẹ̀. Dáàmù sì dà wá láàmú lóòótọ́, torí pé inú ikùn akèrègbè yẹn ni ìlú wa wà.

Omi náà ò sáré dé. Àwọn àgbà ní ṣe ló ń yọ́ gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó mu oko etí odò, ó mu afárá, ó mu oríta, lẹ́yìn náà ló wá ń mu ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn wa kó ẹrù, wọ́n gun èjìká òkè. Ìjọba ti kọ́ ilé tuntun sílẹ̀ dè wọ́n níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ rí bákan náà, débi pé lọ́dún àkọ́kọ́ àwọn ọkọ mélòó kan ń ṣi ilé wọ̀. Wọ́n ní àṣìṣe ni. Nínú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí èmi sí.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gòkè, gbogbo wọn pàdé lórí afárá, wọ́n ṣèlérí kan fún ara wọn. Ìlérí náà ò gùn: ohun tí omi bá ń bò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú u. Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ lókè irú ẹni tí ẹnìkejì ẹ̀ jẹ́ nísàlẹ̀, tàbí irú ẹni tí bàbá ẹ̀ jẹ́. Ẹni tó jalè, omi ti bò ó. Ẹni tí ìyàwó ẹ̀ lé jáde nílé, omi ti bò ó. Kí kálukú lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun láìsí ẹni tó ń fi í ṣẹ̀sín.

Ìlérí tó dáa ni. Ohun tí wọn ò rò ni pé àwa ọmọ máa gbọ́n. Wọ́n ní ẹni tó máa purọ́ ló ń sọ pé ẹlẹ́rìí òun wà lọ́run. Àwa ò jẹ́ rin ìrìn tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, tiwa wà lábẹ́ omi. Kò pé ogún ọdún tí tálákà fi tán pátápátá lábẹ́ omi yẹn. Ẹni tí bàbá ẹ̀ ní ahéré sọ ọ́ di ilé. Ẹni tó ní ilé sọ ọ́ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Èmi náà fi fèrèsé mẹ́fà kún ilé bàbá mi. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá mi wí, mo fi ọ̀dà funfun kùn ún.

Bí màmá mi bá gbọ́ ibi tí mo ti ń sọ ọ́, á kàn wò mí. Á ní, "Ó dáa. Má jẹ́ kí ọ̀dà tán."

A ní gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá ọ̀nà tó yí adágún náà ká, ibẹ̀ la ti ń ṣèpàdé. Nígbà tí àwọn àgbà kọ́kọ́ to àga síbẹ̀, bí ilé wọn ṣe tò nísàlẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó. Àlàfo tó la àárín gbọ̀ngàn kọjá ni odò. Ẹni tó bá gba ibẹ̀, a máa ń sọ pé ó ń sọdá. Ibi tí àlàfo kejì ti gba ti àkọ́kọ́ kọjá ni oríta. Ẹni tí ilé ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ nísàlẹ̀, òun náà ló máa jókòó tì ọ́ lókè, ì báà jẹ́ pé ẹ ò tíì yanjú ìjà tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ẹni kan bá kú, ọmọ ẹ̀ á jókòó sí àga ẹ̀. Ìlú náà ti rì, àmọ́ ó ń jókòó lóṣooṣù.

Oríta gan-an ni àga màmá mi wà. Ibẹ̀ ni ilé òun àti bàbá mi wà nígbà náà, pẹ̀lú kànga kan níwájú ilé tí àwọn méjèèjì fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra. Òkúta funfun ni wọ́n fi yí ẹnu ẹ̀ ká. Bàbá mi ti kú kí n tó gbọ́njú. Kò fi ohunkóhun sílẹ̀ ju kànga yẹn lọ, kànga náà sì wà nínú omi, ìyẹn náà tún jẹ́ ẹ̀fẹ̀ kan lọ́tọ̀. Bí màmá mi bá jókòó sórí àga yẹn, á na ẹsẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó ní òun ń fẹsẹ̀ kan kànga òun.

Ẹ̀yìn pátápátá ni àga Alága wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n ń gun òkè, kò mọ ohunkóhun nípa ìlú yẹn ju ohun tí bàbá ẹ̀ sọ fún un lọ. Alága ò purọ́ o. Ẹ má gbé e lọ síbi tí kò dé. Gbogbo wa là ń purọ́, òun ń sọ ohun tí bàbá ẹ̀ wí, ó sì ń sọ ọ́ ní gbogbo ìpàdé, kí a tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí a bá parí.

"Yàrá mẹ́rìnlá ni bàbá mi ní," á wí. "Mẹ́rìnlá, lórí ìlà kan ṣoṣo, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilẹ̀kùn tiẹ̀. Bàbá mi nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sí olówó kan ní ìlú yẹn tí kò dúró lẹ́nu ọ̀nà bàbá mi rí, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé, 'Jọ̀wọ́, tú tèmi sílẹ̀ fún mi.' Bàbá mi á wò ó. Tó bá wù ú, á tú u sílẹ̀. Àwọn tó wà nínú yàrá wọ̀nyẹn, ọwọ́ bàbá mi ni wọ́n ti ń jẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá ti gbóhùn ẹ̀ báyìí, gbogbo wọn á dìde."

"Ọpọ́n ìwẹ̀ wọn ńkọ́, sà?" Èmi ni mo máa ń bi í, torí mo mọ ibi tó ń yún un.

"Òkúta ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ó gùn ju èèyàn lọ. Omi kì í tán nínú ẹ̀."

Àwọn àgbà á máa wo ilẹ̀. A rò pé ọ̀wọ̀ ni. Bàbá Apẹja, tó dàgbà jù nínú wọn, a máa sáré jáde lọ wúkọ́, á sì wúkọ́ níta títí omi á fi jáde lójú ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé kan, Alága dé, ó dúró ti àga ẹ̀, kò jókòó.

"Akọ̀wé," ó wí, "mo ti rò ó dáadáa. Yàrá mẹ́rìnlá ni. Ṣé àga kan ṣoṣo lè gba yàrá mẹ́rìnlá?"

Mo wo àga. Mo wo ìdí Alága. Mo ní, "Àga kan ò tiẹ̀ fẹ́ gba Alága nìkan, sà."

Inú ẹ̀ dùn, ó rò pé oríkì ni mò ń kì.

Bí àga méjì ṣe di tiẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́, ó di mẹ́rin. Àga mẹ́rin lẹ́nu ilẹ̀kùn ti dínà nìyẹn, la bá gbé wọn síwájú díẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, a tún gbé wọn síwájú. Ilé bàbá Alága ń rìn lábẹ́ omi. Ó sọdá odò láìtutù, ó yà níwájú ilé-ìwé, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, títí tó fi gúnlẹ̀ sí oríta pẹ̀lú àga mẹ́rìnlá gbáko. Alága jókòó sórí ọ̀kan, ó na apá sórí ọ̀kan, ó gbé àkẹtẹ̀ ẹ̀ lé ọ̀kan. Mọ́kànlá tó kù ń sinmi.

Ta ló ń bá a gbé àga? Èmi náà ni. Ta ló ń sọ fún màmá mi pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sún díẹ̀"? Ẹ má bi mí léèrè ohun tí ẹ ti mọ̀. Màmá mi sún lóṣù yìí, ó sún lóṣù tó ń bọ̀, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó ìgbálẹ̀ sí. Kò bá mi jà. Ó kàn gbé àpò ẹ̀ lé itan.

Ìdí tí mo fi ṣe é ò le. Alága ti ṣèlérí iṣẹ́ pátákó ńlá kan fún mi. Ó tún sọ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé ògiri kan náà ni bàbá òun àti bàbá tèmi jọ ní, pé alábàágbé ni wá láti ìsàlẹ̀ wá. Inú mi dùn débi pé mo gbé àga tèmi kúrò lọ́dọ̀ ìyá mi, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Alága. Ẹni tó ń kọ "Má tọ̀ síbí" ti di alábàágbé ilé oníyàrá mẹ́rìnlá. Ọ̀sẹ̀ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàtà rìn nínú ilé.

Nígbà tí a délé lẹ́yìn ìpàdé kan, mo bi màmá mi pé, "Ẹ ò ṣe sọ̀rọ̀? Ẹ sọ fún wọn pé ilé yín ló wà ní oríta, kì í ṣe tiẹ̀."

"Wọ́n á bi mí pé ibo ni tiẹ̀ wà."

"Ẹ sọ ibi tó wà."

"Bí mo bá sọ ibi tó wà, mo ti sọ ohun tó jẹ́ nìyẹn. Mo ti ṣèlérí, ọmọ mi."

Mo rò pé òwe ló ń pa. Ohun tí wọ́n bá sọ fún mi kedere ló máa ń ṣòro fún mi.

Ìgbà náà ni Ẹnjiníà dé láti iléeṣẹ́ omi. Obìnrin tó ga, tó ń wọ bàtà rọ́bà, tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró ní oríta gbọ̀ngàn, ó ṣàlàyé fún wa. Ẹrẹ̀ ti dí ẹnu ilẹ̀kùn dáàmù, wọ́n máa fa omi náà sílẹ̀ kí wọ́n lè kó o. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ọ́n. Bí wọ́n bá parí, wọ́n máa ṣe ibi ìjókòó sí etí adágún fún àwa tí ìlú wa rì, àga oníkọnkéré, kí orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan wà lára ẹ̀. Bí a ṣe jókòó nínú gbọ̀ngàn ni wọ́n máa ṣe tò ó. Wọ́n á sì fún adágún náà lórúkọ tí ẹgbẹ́ bá mú, lórí pátákó ńlá kan, torí pé ní gbogbo ọdún yìí, nọ́ńbà nìkan ló ní, bí ẹlẹ́wọ̀n.

"Bí a ṣe jókòó báyìí?" Alága bèèrè. Ó ti na apá méjèèjì.

"Bí ẹ ṣe jókòó báyìí."

Mo bojú wẹ̀yìn. Màmá mi ń wo kọ́bọ́ọ̀dù ìgbálẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni màmá mi ráhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nípa ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Àga onígi, èèyàn lè sọ pé lọ́jọ́ kan, wọ́n á gbé e padà. Kọnkéré ò ní ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fi dá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbálẹ̀, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ọmọ mi á ti máa wá mi. Wọ́n á sì máa pe kànga tí mo fi ọwọ́ mi gbẹ́ ní kànga àgbàlá ẹni ẹlẹ́ni." Kò sunkún. Ó gbàdúrà, ó sùn. Èmi ni mi ò sùn, ṣùgbọ́n ẹ má tíì yìn mí, pátákó ni mò ń rò. Alága ti sọ bó ṣe máa tóbi tó.

Láàárọ̀, mo lọ bá Alága pé kó jọ̀wọ́ fi àga kan péré sílẹ̀ fún màmá mi ní oríta. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, mo ń fọwọ́ ra ọwọ́.

"Akọ̀wé, yàrá wo nínú mẹ́rìnlá ni kí n wó nítorí ìyá ẹ?" ó bi mí. "Máa lọ po ọ̀dà ẹ. Orúkọ tí o máa kọ ni Adágún Ilé Yàrá Mẹ́rìnlá. Lẹ́tà ńláńlá."

Mo lọ po ọ̀dà.

Bí kì í bá ṣe ti ìgbéraga, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Iléeṣẹ́ omi ti fẹ́ ṣí pátákó náà lẹ́yìn tí omi bá ti padà kún, tí gbogbo nǹkan bá rẹwà. Alága ò gbà. Ó lọ bá Ẹnjiníà lórí dáàmù, èmi ń gbé ìwé tẹ̀ lé e.

"Ọjọ́ tí omi bá wálẹ̀ jù ni kí a ṣe é," ó wí. "Kí oníròyìn rí ilé bàbá mi. Kí wọ́n ya yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ní fọ́tò."

"Alága, mi ò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ o," Ẹnjiníà wí. "Bí omi bá ti ń lọ, kì í yan ohun tó máa fi hàn."

"Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn."

Ẹ wo ọkùnrin. Àwa òpùrọ́ ń gbàdúrà kí ẹrẹ̀ bo gbogbo ẹ̀. Mo mọ ẹni mẹ́ta tí ara wọn ò yá lójijì tí wọn ò ní lè wá. Òun tó ń sọ òtítọ́ nìkan ló ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ fa omi sílẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ohun tí wọn ò sọ ni pé òtítọ́ náà lè bá olóòótọ́.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta ìbòrí sétí adágún, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, oníròyìn gbé kámẹ́rà. Pátákó mi dúró lórí òpó méjì, aṣọ bò ó. Alága wọ kóòtù funfun àti bàtà tí ń dán. Gbogbo ìlú wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn mẹ́ta tí ara wọn ò yá.

Omi ti lọ. Odò àtijọ́ nìkan ló kù nísàlẹ̀, tín-ín-rín, ó ń gba ọ̀nà ẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Afárá wà. Oríta wà. Ní oríta, òkúta funfun yí nǹkan kan ká róbótó, ẹrẹ̀ kún inú ẹ̀.

"Kànga mi," màmá mi wí jẹ́ẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga náà, ìpìlẹ̀ ilé kékeré kan wà, yàrá méjì. Mo wá fèrèsé mẹ́fà mi títí. Ọ̀dà funfun náà ti ṣí.

Alága ń wo oríta. Mo rí i tí òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde létí ẹ̀, torí kò sí àyè yàrá mẹ́rìnlá níbẹ̀, kò sí àyè mẹ́rin. Ojú ẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ló bá dúró síbì kan ní ìpẹ̀kun ìlú, lẹ́yìn gbogbo ilé, létí odò. Ìlà ògiri òkúta kan nìyẹn, ó gún régé, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà lára ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó gba máíkì. "Ẹ wò ó," ó wí. "Ẹ bá mi kà á. Ọ̀kan."

"Ọ̀kan," ni gbogbo wa wí.

"Èjì."

A ń kà á lọ títí a fi dé mẹ́rìnlá. Ó pé. Àtẹ́wọ́ ró. Mo ké ju gbogbo wọn lọ, alábàágbé ni mí.

"Ó jìnnà sí oríta díẹ̀," Alága wí, "torí pé bàbá mi ò fẹ́ ariwo." Ó fa aṣọ kúrò lójú pátákó. ADÁGÚN ILÉ YÀRÁ MẸ́RÌNLÁ. Lẹ́tà náà dára, mi ò ní purọ́. Gbogbo èèyàn tún pàtẹ́wọ́.

Ó yẹ kó dúró níbẹ̀. Àmọ́ ó gbé máíkì kalẹ̀, ó ní kí oníròyìn tẹ̀ lé òun, òun fẹ́ wọ ilé bàbá òun. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ẹrẹ̀ gba bàtà ẹ̀ kan, kò dá a padà. Ó fi ìkejì rìn dé ibẹ̀, ló bá rí i pé ẹnu ọ̀nà náà ò ju itan ẹ̀ lọ.

"Àwọn èèyàn ìgbà náà kúrú," ó sọ fún oníròyìn.

Ó kúnlẹ̀, ó ki orí àti èjìká bọ yàrá kìn-ín-ní. Ìdí ẹ̀ kù síta, ó kọjú sí gbogbo wa. Àṣé koríko tútù ti hù sí gbogbo ibi tí omi ti ṣí kúrò, ewúrẹ́ ìlú sì ti ń wá jẹ ẹ́ láti ìgbà náà. Ewúrẹ́ kan yọ orí ní yàrá kẹta. Ó wo oníròyìn, ó wo ìdí Alága, ó jáde, ó wọ yàrá kẹrin. Òmíràn tẹ̀ lé e, ó mú yàrá karùn-ún.

Ẹnjiníà tẹ̀ sí etí màmá mi. "Màmá, kí ni wọ́n ń fi ibẹ̀ yẹn ṣe gan-an?"

"Ọmọ mi, a ti ṣèlérí. Ohun tí omi bá ń bò, a kì í tú u."

Ẹnjiníà wo àfonífojì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Omi dà, Màmá?"

Àwọn àgbà wojú ara wọn. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ láti ojú dé ojú láàárín wọn. Bàbá Apẹja dìde, ó rọra rìn lọ síbi máíkì. Kò wúkọ́.

"Òótọ́ lọmọ yìí sọ o," ó wí, ẹ̀rọ sì gbé ohùn ẹ̀ lọ dé òkè kejì. "Omi dà? Ẹ̀yin èèyàn, ọgbà ewúrẹ́ nìyẹn. Ewúrẹ́ tó bá jẹ oko olóko, ibẹ̀ ni wọ́n ń tì í mọ́. Bàbá Alága ló ń ṣọ́ wọn."

Ẹ rántí pé gbogbo wa ti mọ ọ̀rọ̀ Alága sórí, ìpàdé mélòó la ti gbọ́ ọ. Ẹnì kan lẹ́yìn wá bèèrè pé, "Àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ ńkọ́?"

"Àwọn tó ni ewúrẹ́ ni."

"Àwọn tó ń jẹ lọ́wọ́ ẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́?"

"Ewúrẹ́ ni."

"Tí wọ́n ń dìde bí wọ́n bá gbóhùn ẹ̀?"

"Ìwọ náà, bí ebi bá ń pa ọ́, o ò ní dìde?"

Ẹnu mi ń yún mi, mi ò lè pa á mọ́, ọdún mélòó ni mo ti ń bi ìbéèrè yẹn. Mo ní, "Ọpọ́n ìwẹ̀ wọn ńkọ́, sà?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mumi," Bàbá Apẹja wí.

Ẹ̀rín bú. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, Alága ń gbìyànjú àtifa orí ẹ̀ jáde, àmọ́ ohun tó rọrùn láti wọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rọrùn láti jáde. Oníròyìn méjì ló fà á lẹ́sẹ̀. Nígbà tó jáde, kóòtù funfun ti di nǹkan míì. Ó na ọwọ́ sí Ẹnjiníà.

"Ẹ ti ilẹ̀kùn dáàmù," ó ń ké. "Ẹ jẹ́ kí omi padà. Kíákíá."

"Ó di ìgbà òjò, sà," Ẹnjiníà dá a lóhùn.

Omi ti tán lẹ́yìn ẹja.

Màmá mi ló gba máíkì lẹ́yìn Bàbá Apẹja. Ohùn ẹ̀ ò ga. "Ẹ má fi bàbá Alága ṣẹ̀sín," ó wí. "Èèyàn dáadáa ni. Kò lu ewúrẹ́ kankan rí. Á fún un lómi kó tó fún ẹ. Ọkọ mi ló mọ̀ ọ́n jù, torí ewúrẹ́ tiwa ló ń jalè jù ní gbogbo ìlú. Ojoojúmọ́ ni bàbá Akọ̀wé yìí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó ń fọwọ́ ra ọwọ́, tó ń bẹ̀bẹ̀."

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ mi. Mo wo ọwọ́ mi. Ọ̀dà ṣì wà lára ẹ̀. Bàbá mi bẹ bàbá Alága nítorí ewúrẹ́, èmi bẹ ọmọ ẹ̀ nítorí àga. Bàbá mi tiẹ̀ ń mú ewúrẹ́ bọ̀ wálé.

Ọjọ́ yẹn, àwọn àgbà ò dákẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń gbé mì láti ìgbà tí wọ́n gun òkè ni wọ́n tú jáde lórí máíkì, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìbínú. Ẹni tí bàbá ẹ̀ jí ìlù ilé-ìwé. Ẹni tí wọ́n bá nínú àjà ilé onílé. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì abẹ́ omi ti wó, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án. Alága ti gba ẹ̀yìn ìbòrí lọ nígbà náà, pẹ̀lú bàtà kan.

Wọ́n ti da kọnkéré náà báyìí. Ẹnjiníà fúnra ẹ̀ ló wọ̀n ọ́n láti ibi tí ó rí kànga. Oríta ni àga màmá mi wà, wọ́n kó òkúta funfun mélòó kan síwájú ẹ̀, ó sì ń na ẹsẹ̀ kàn án. Èmi jókòó tì í, ó ní kí n má bá òun sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ti Alága wà ní ìpẹ̀kun, àga kan ṣoṣo. Kò tíì wá jókòó síbẹ̀.

Omi ti padà kún. Alága ránṣẹ́ sí mi pé kí n lọ ha orúkọ yẹn kúrò lára pátákó, mo lọ bi Ẹnjiníà. Ó ní orúkọ náà ti wọnú máàpù, kò ṣe é ha mọ́. Adágún Ilé Yàrá Mẹ́rìnlá ló ń jẹ́ títí ayé. Ó ní ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ti sọ ọ́ di àṣà, òpó pátákó ńlá mi yẹn ni wọ́n ń so ẹran wọn mọ́, òun fẹ́ kí n kọ kékeré kan sí abẹ́ ẹ̀.

Mo ti kọ ọ́. "Má so ewúrẹ́ síbí." Wọ́n ṣì ń so ó síbẹ̀, àmọ́ wọ́n máa ń yin lẹ́tà mi.